YÀRÁ AKẸ́KỌ̀Ọ́ L'ADÓ-ÈKÌTÌ: OWÓ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ KEJÌ TÍ WỌN KÌ Í SỌ FÚN ÒBÍ

Ọmọ wọ yunifásítì, ayọ̀ gba ilé kan. Ìyá ń jó, bàbá ní kí wọ́n mú àkùkọ wá. Lẹ́yìn ijó ni ìṣirò máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ṣírò owó ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n á ṣírò owó ìwé, wọ́n á ra tìmùtìmù, bọ́kẹ́ẹ̀tì, sítóòfù àti gààrí. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbàgbé: ibo ni ọmọ yìí máa sùn?

Ó dìgbà tí ọmọ bá dé Adó-Èkìtì kí ọ̀rọ̀ tó yé wọn. Tẹlifóònù á dún nílé: "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì ti tán nínú ọgbà. Wọ́n ní ká lọ wá ilé síta." Ìyá tó ti ka owó ọjà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí owó ilé-ẹ̀kọ́ tó pé, ibẹ̀ ni á ti mọ̀ pé òun kò tíì sanwó tán.

Ẹ̀yin ìyá ọjà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ yín ni o. Ọmọ olówó kò sí nínú wàhálà yìí. Ní yunifásítì tí Ààrẹ Afẹ́ Babalọlá dá sílẹ̀ ní 2009 lójú ọ̀nà Ìjàn, inú ọgbà ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Òbí tó bá lágbára owó ibẹ̀ kò ní bá éjẹ́ǹtì kankan pàdé. Ọmọ télọ̀, ọmọ aláta, ọmọ bíríkìlà, ọmọ mẹkáníìkì, àwọn ni wọ́n ń gbé àpò kiri ìgboro tí wọ́n ń bèèrè yàrá.

BẸ́Ẹ̀DÌ TI WÀ NÍNÚ ỌGBÀ RÍ

Ará Èkìtì kò fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣeré láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí wọ́n dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó ní 1933, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti ìlú kéékèèké wá, inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n ń gbé. Bàbá á gbé àpótí lé ọmọ lórí, á mú un dé ẹnu ọ̀nà, á sì padà sóko rẹ̀. Ọ̀rọ̀ onílé kò sí níbẹ̀.

Ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga dé ni nǹkan yí padà. Ní 1982, ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́ lábẹ́ Gómìnà Adékúnlé Ajáṣin dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Obafemi Awolowo University ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ní 1985, ó di Ondo State University. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, ó di University of Ado-Ekiti, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní UNAD. Ní 2011, wọ́n da yunifásítì méjì mìíràn pọ̀ mọ́ ọn, ti Ìkẹ́rẹ́ àti ti Ìfàkì, ó sì di Ekiti State University, EKSU. Orúkọ ń yí, akẹ́kọ̀ọ́ ń pọ̀, bẹ́ẹ̀dì kò bá wọn pọ̀.

Pólì ìjọba àpapọ̀ náà wà ní Adó. Àkúrẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1977, ọdún 1982 yẹn náà ni wọ́n kó o wá. Nígbà tí Adó tún wá di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ní 1996, òṣìṣẹ́ ìjọba dé, báńkì dé, lọ́yà dé, oníṣòwò dé. Yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wò, òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù ń wò ó pẹ̀lú. Ta ni onílé máa fún nínú àwọn méjèèjì? Ẹni tó bá kó owó sílẹ̀ ṣáájú ni.

LÁTI FÁJUYÌ DÉ ÌWÒRÒKÒ

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, kó lọ wọ mọ́tò ní Fájuyì. Ibẹ̀ ni ìlú ti ń rántí Adékúnlé Fájuyì, ọmọ bíbí Adó, tó jẹ́ gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn nígbà tí àwọn ṣọ́jà pa á pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, ní oṣù keje ọdún 1966. Ohun tí àwọn àgbà ń sọ títí dòní ni pé ọkùnrin náà kò gbà kí wọ́n mú àlejò òun lọ kí òun dúró sílé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àlejò yìí sọ́kàn, a ó tún padà sí i.

Láti Fájuyì, ọ̀nà gba Adébáyọ̀, ó gba apá Òpópógbọọrọ, ó sì dojú kọ EKSU. Ẹni tó bá kọjá ọgbà yunifásítì, Ìwòròkò ló máa bọ́ sí. Ẹni tó bá tún tẹ̀ síwájú, ó di Ìfàkì. Lójú ọ̀nà kan yìí ni púpọ̀ nínú ọmọ EKSU ń gbé.

Ìyá tó bá ń wálé fún ọmọ rẹ̀ á bá ọgbọ́n méjì pàdé lójú ọ̀nà náà. Àwọn kan á ní kó wá yàrá sí ìgboro Adó: iná, omi, ọjà àti ọsibítù wà nítòsí. Àwọn mìíràn á ní kó gbà á sí Ìwòròkò kí ọmọ lè sún mọ́ kíláàsì. Ọgbọ́n méjèèjì ló lówó nínú. Ẹni tó ń ti Adó wọkọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń sanwó lóòjọ́. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó di ìgbà mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó di ìgbà ogójì. Kí òbí tó sọ pé yàrá kan ní Adó dínwó, kó bèèrè iye tí mọ́tò ń gbà, kó sọ ọ́ di ọ̀nà ogójì, kó fi kún owó ilé. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọwọ́ nínú owó ìrànwọ́ epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó mọ́tò yìí ti kúrò ní ohun à ń fojú kéré. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí i san mọ́ kó ẹrù rẹ̀ sún mọ́ ilé-ẹ̀kọ́, onílé tó wà níbẹ̀ náà sì rí i pé wọ́n ń bọ̀.

Ìwòròkò fúnra rẹ̀, ìlú àgbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Ilé àwọn àgbà ṣì wà láàárín ìlú, ṣùgbọ́n ní ẹ̀bá títì, búkà ló wà níbẹ̀, onídìrí, télọ̀, oníPOS, àwọn tó ń tẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń ta kóró ata àti tòmátò ní gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n tó mọ níwọ̀n agbára akẹ́kọ̀ọ́. Ní kọ̀rọ̀, ilé gígùn gbọọrọ ni, yàrá mẹ́jọ níhìn-ín, yàrá mẹ́jọ lọ́hùn-ún, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì lára ògiri. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé, ìlú kún. Bí wọ́n bá gba họlidé, ẹni tó ń ta ẹ̀wà á gbé ìkòkò kékeré kaná.

Títì yẹn náà lẹ́wu. Nígbà kan, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan já wọ àárín èrò lẹ́bàá títì ní Ìwòròkò lálẹ́, ó pa ènìyàn, akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú àwọn tó kú. Ọmọ tó jáde lọ ra ohun tó máa jẹ kó tó sùn ni ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bá. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wo yàrá, ẹ má wo ògiri àti síìlì nìkan. Ẹ wo ọ̀nà tí ọmọ máa rìn lálẹ́.

ÌṢIRÒ ÉJẸ́ǸTÌ

Bí ìyá bá ti ń bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò báyìí, tó mú ọmọ dání, tó ń wòkè wòlẹ̀, éjẹ́ǹtì ti mọ̀ ọ́n. "Ẹ káàbọ̀ mà. Yàrá lẹ ń wá? Ẹ ti dé ibi tó yẹ." Kó tó gbé ẹsẹ̀, á kọ́kọ́ gba owó pé òun fẹ́ mú wọn lọ wo ilé. Bí wọ́n wo ilé márùn-ún tí kò sí ọ̀kan tó wù wọ́n, owó yẹn kò ní padà.

Ẹ jẹ́ ká fi N100,000 ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìṣirò rẹ̀ rọrùn, kì í ṣe pé iye tí wọ́n ń gbà nìyẹn. Éjẹ́ǹtì á ní owó ilé jẹ́ N100,000 lọ́dún. Inú ìyá á dùn. Lẹ́yìn náà ni á wá sọ pé kọmíṣọ́ọ̀nù òun jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, N10,000. Owó àgírímẹ́ǹtì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, N10,000. Owó ìdúró fún ohun tí ọmọ bá bàjẹ́, N10,000 mìíràn. Ó di N130,000 kí kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sọ́wọ́. Bí onílé bá tún ní ọdún méjì lòun ń gbà, kí olúwarẹ̀ jókòó kó tún un ṣírò.

Ẹni tó bá béèrè dáadáa á rí i pé kọmíṣọ́ọ̀nù àti àgírímẹ́ǹtì, ọdún àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń san wọ́n. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ọmọ máa kó láti ilé dé ilé lọ́dọọdún. Ọmọ tó kó lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ọdún mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló bọ́ éjẹ́ǹtì.

Yàrá pàápàá ní ìpele. Èyí tó dínwó jù ni fésì-mi-n-fésì-ẹ, tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo ilé ń lo ilé ìwẹ̀ kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan. Èyí tí ọmọ ìsinsìnyí ń béèrè ni sẹ́ẹ̀fù-kọntéènì, tí ilé ìwẹ̀ àti ibi ìdáná wà nínú. Bí owó kò bá tó, ọmọ méjì á da owó pọ̀ gba ẹyọ kan. Èyí dára, bí wọ́n bá mọ ara wọn. Àwọn mìíràn wà tí kò ní yàrá rárá. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń bá gbé, lórí ẹní, láìjẹ́ kí onílé mọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní "skwátà". Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ bá bínú, ẹrù wà níta nìyẹn, bóyá ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

ÀWỌN TÓ Ń TA YÀRÁ TÍ KÌ Í ṢE TIWỌN

Èyí ló burú jù. Ọ̀bàyéjẹ́ kan á gba kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kó jáde, á fi han ọmọ márùn-ún, á gba owó lọ́wọ́ márààrún, á sì pa fóònù rẹ̀. Ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé ni àwọn ọmọ márùn-ún á pàdé lẹ́nu ọ̀nà kan, oníkálùkù pẹ̀lú tìmùtìmù lórí. Owó tí ìyá fi oṣù mẹ́fà kó jọ nínú ẹ̀súsú ti lọ. Ọmọ á máa bẹ̀rù àtisọ fún un. Á máa sùn káàkiri, á máa sọ nílé pé kò sí wàhálà.

Nínú irú ìdààmú bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin á ti bá ẹni tó ní "máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, mi ò ní gbowó lọ́wọ́ ẹ" pàdé. Ìyá tó gbọ́n mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn lè jẹ́.

LÓJÚ Ọ̀NÀ ÌJÀN ŃKỌ́?

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wọ Pólì, ọ̀nà Ìjàn ni tirẹ̀. Nítòsí Pólì, Abà Erínfún wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ohun tó jẹ́: abà oko ni kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé. Ibi tó bá jìnnà sí ìgboro báyìí, owó ilé lè dín díẹ̀, ṣùgbọ́n kí òbí béèrè ọ̀rọ̀ omi, kó béèrè ọ̀rọ̀ iná, kó béèrè bí ilẹ̀ ṣe máa ń rí lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́. Ilé tí kò ní ọgbà yíká, tí fèrèsé rẹ̀ kò ní irin, tí igbó sì wà lẹ́yìn rẹ̀, owó tó dín lórí rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe ohun kékeré fún ọmọ tó ń gbé ìta. Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì sí ní 2011, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá jáde ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ọdún 2019. Ìbọn dún lọ́jọ́ náà, ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ sì lọ sí i. Òbí tó rán ọmọ lọ kàwé gba òkú.

ILÉ-Ẹ̀KỌ́ TÌ, OWÓ ILÉ Ń SÁRÉ

Ẹ rántí ọdún 2020. Àrùn kòrónà dé, ìjọba ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní oṣù kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ gbalé lọ. Tìmùtìmù nìkan ló wà nínú yàrá, ṣùgbọ́n ọdún onílé kò dúró. Ní 2022 náà, ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, ó di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá kí wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ! Ọ̀pọ̀ òbí káàkiri Nàìjíríà ló san owó yàrá tí ọmọ kò sùn nínú rẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó ní 2024. Ètò náà dára, ṣùgbọ́n kí òbí mọ bó ṣe rí: owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ tààrà sí àpò ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì ya N20,000 lóṣù sọ́tọ̀ fún ọmọ tó bá béèrè owó ìtọ́jú. Onílé tó fẹ́ owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà kò ní dúró de N20,000 oṣooṣù. Gbèsè sì ni, ọmọ á san án padà.

TA LÓ NI ILÉ?

Ó rọrùn láti bú onílé. Ṣùgbọ́n ta ni onílé yìí gan-an? Ẹ béèrè dáadáa. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni. Ìyá aláṣọ tó fi èrè ogún ọdún kọ́ yàrá mẹ́fà ni. Bíríkìlà tó ń fi búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀ kọ́lé lẹ́yìn iṣẹ́ ni. Opó tí ọkọ rẹ̀ fi ilé sílẹ̀ fún ni, tí owó yàrá náà sì jẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Sìmẹ́ńtì gbówó lórí, páànù gbówó lórí, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn á sì fọ́ ilẹ̀kùn, á jẹ gbèsè, á fi òru sá lọ.

Nítorí náà, owó tó jáde lápò ìyá aláta ní Ìgèdè, àpò ìyá aláṣọ ní Ìwòròkò ló máa ń wọ̀. Ẹ̀yin náà ni ẹ ń san án, ẹ̀yin náà ni ẹ ń gbà á. Ìjọba tó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ tí kò kọ́ bẹ́ẹ̀dì tó, òun ló kó ẹ̀yin méjèèjì sí ara yín lọ́rùn. Ìyẹn ni kí ẹ máa sọ fún àwọn tó ń wá dìbò yín, kí wọ́n tó pín ìrẹsì.

Ẹ̀YIN ÒBÍ, Ẹ ṢE BÁYÌÍ

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bẹ́ẹ̀dì nínú ọgbà. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti gba ọmọ wọlé ni kí ó lọ béèrè, kí ó má dúró di ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ayé dé.

Bí kò bá sí, ẹ wá yàrá ní àkókò tí àwọn tó ń ṣe ọdún àṣekágbá ń kó jáde. Nígbà náà ni yàrá pọ̀, tí ẹnu onílé sì rọ̀.

Ẹ má fi owó ránṣẹ́ fún yàrá tí ẹ kò rí. Àwòrán orí fóònù kò jọ ilé. Bí ìyá kò bá lè lọ, kí bàbá lọ. Bí àwọn méjèèjì kò bá lè lọ, ẹ rán ẹ̀gbọ́n tàbí ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ará mọ́ṣáláṣí tó ń gbé Adó. Ẹ lọ lọ́sàn-án, kí ẹ tún lọ nírọ̀lẹ́.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ayálégbé tó wà nínú ilé: ta ló ni ilé? Ṣé kànga máa ń gbẹ? Kí ló dé tí ẹni tó wà ní yàrá yìí fi kó lọ? Ẹni tó ń gbé inú ilé kò ní kọmíṣọ́ọ̀nù tó fẹ́ gbà.

Ẹ fojú rí onílé kí owó tó jáde. Ẹ san án nípasẹ̀ báńkì, kí ẹ sì gba rìsíìtì tó ní orúkọ ọmọ, nọ́ńbà yàrá, iye owó, ọjọ́ tí ọdún bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú àgírímẹ́ǹtì pé ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bọ́ sọ́wọ́ ni ọdún bẹ̀rẹ̀.

Kí ọmọ sì mọ̀ pé onílé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kàn ju ẹrù ẹni síta. Òfin ní kí wọ́n kọ ìwé fún ayálégbé. Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ẹni tó ń san owó ọdọọdún ní ìwé oṣù mẹ́fà láti gbà, ilé-ẹjọ́ nìkan ló sì lè ní kí wọ́n fi tipátipá lé e. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń jẹ gbèsè, tó ń pariwo rédíò lóru, kó má fi òfin bojú.

Ẹ̀yin onílé náà, ọ̀rọ̀ àlejò tí a sọ ní Fájuyì rèé. Ọmọ tó gbé tìmùtìmù dé ẹnu ọ̀nà yín, àlejò yín ni. Bí òbí rẹ̀ bá bẹ̀ yín pé òun fẹ́ san án lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá tì fún oṣù mélòó kan, ẹ bá a dín nǹkan kù nígbà tó bá tún fẹ́ san tuntun. Bí ẹ kò bá rí ọmọbìnrin yàrá kẹta kó wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ béèrè rẹ̀. Ọmọ tiyín náà lè wà ní Ìlọrin tàbí Àkókà lónìí, tó ń gbé inú ilé ẹlòmíràn. Ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó.